Ilé Tí A Fọ̀ De Ìjọba

Èmi ni mo kó ẹrù bàbá náà dànù. Ẹnikẹ́ni ò rán mi. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kó o, mo fi bílíìṣì fọ ibi tó wà, mo sì tún fi aṣọ gbígbẹ nu ibẹ̀. Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé ìjọba ni kò ṣàánú bàbá náà, ìdajì òótọ́ ló sọ. Èmi ni ìdajì kejì.

Mi ò kàwé púpọ̀. Ní Ọ̀fà, ó ku ọdún kan kí n parí sẹ́kọ́ńdìrì nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní kí n wá bá òun ní Amẹ́ríkà. Obìnrin ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi yìí. Hájíà ni gbogbo èèyàn ń pè é, èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀. Hazel Crest là ń gbé, ṣùgbọ́n bí ará ilé bá pè, Chicago la máa ń sọ, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ máa ṣàlàyé Hazel Crest lórí fóònù. Wẹ́ẹ̀háùsì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mò ń kó páálí sínú ọkọ̀ ńlá. Iṣẹ́ ẹrù kíkó, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ọsibítù ni Hájíà ní tiẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Òun ni ọ̀gá àwọn tó ń tún yàrá aláìsàn ṣe. Bí aláìsàn bá lọ sílé, tàbí tó lọ sí ibòmíràn tí kì í ṣe ilé, àwọn Hájíà ló máa wọlé, wọ́n á fọ ohun gbogbo títí ẹni tó bá tẹ̀ lé e kò fi ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni sùn níbẹ̀ rí. Ohun tó máa ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni pé, "Tí o bá ṣì lè mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, o ò tíì fọ̀ ọ́." Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn.

Ìjì líle kan jáde láti inú òkun, ní gúúsù lọ́hùn-ún, níbi tí wọ́n ti máa ń rí irú rẹ̀. A wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n. Òrùlé ń fò, ọkọ̀ ojú omi gúnlẹ̀ sórí títì, àwọn èèyàn jókòó sórí ilé wọn. Hájíà ń jẹun lọ́wọ́. Ó ní, "Kí Ọlọ́run má fi irú ẹ̀ hàn wá," ó sì bu ọbẹ̀ sí i. Chicago jìnnà sí òkun. A rò pé ìjì náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ká sọ tòótọ́, ìjì náà ò dé ọ̀dọ̀ wa. Ìrù rẹ̀ ló dé. Ó ti rẹ̀ ẹ́ lọ́nà, ó ti di òjò lásán, ṣùgbọ́n irú òjò tó dà bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó dìde. Òrùlé kankan ò fò ládùúgbò wa. Igi kankan ò wó. Omi náà ò tiẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà wọlé bí ọmọlúwàbí. Ihò tí omi ìdọ̀tí ń gbà jáde nílẹ̀ bésímẹ́ǹtì ló gbà wọlé. Bésímẹ́ǹtì ni wọ́n ń pe yàrá tí wọ́n gbẹ́ sábẹ́ ilé. Gbogbo ilé àdúgbò wa ló ní in, èmi ni mo sì ń sùn nínú tiwa. Mo ti ibi iṣẹ́ dé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo fẹ́ sọ̀kalẹ̀ lọ bọ́ aṣọ, mo rí sálúbàtà mi tó ń bọ̀ wá pàdé mi lórí omi.

Inú bésímẹ́ǹtì yìí ni fọ́nẹ́ẹ̀sì ń gbé, ìyẹn ẹ̀rọ ńlá tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná sí gbogbo ilé. Bí kò bá sí i, ẹnikẹ́ni ò lè gbé ilé náà nígbà òtútù. Omi inú páìpù á dì, páìpù á bẹ́, ẹni tó bá wà nínú ilé á sì tẹ̀ lé páìpù. Omi mu fọ́nẹ́ẹ̀sì náà dé ọrùn. Nígbà tí omi fi máa fà, ó ti kú. Ewé igi sì ti ń pọ́n, àmì pé òtútù ń bọ̀.

Kì í ṣe tiwa nìkan. Ilé tó kángun sí tiwa, bàbá àgbàlagbà kan ló ń dá gbé ibẹ̀, adúláwọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, ẹni tó wa ọkọ̀ ojú irin títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí ń gbé ní Plainfield, níbi tí ilé tuntun pọ̀ sí, ó sì ti pẹ́ tó ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó ta ilé yẹn, kó wá máa bá òun gbé. Bàbá ò gbà. Ó sọ fún mi nígbà kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, pé, "Ní Plainfield, tí mo bá jókòó síta, wọ́n á máa wá béèrè bóyá mo sọnù."

Fọ́nẹ́ẹ̀sì tirẹ̀ náà kú. Ọmọ rẹ̀ wá wò ó, ó ní òun ò ní bá a jiyàn mọ́. Bí ilé náà bá gbóná kí òtútù tó dé, kó máa gbé ibẹ̀ lọ. Bí kò bá gbóná, òun á wá fi ọkọ̀ òun gbé e. Bàbá ní ó dára bẹ́ẹ̀. Ó ní ìjọba ń bọ̀.

Lóòótọ́, ìjọba ń bọ̀. Wọ́n kéde rẹ̀ pé Ààrẹ ti fọwọ́ sí i: ìrànwọ́ tí àwọn tí ìjì gbá ní gúúsù ń gbà, àwa tí ìrù rẹ̀ nà náà á gbà nínú rẹ̀. Èèyàn á pe nọ́ńbà kan, á sọ ohun tó bàjẹ́, wọ́n á sì rán ìnsípẹ́kítọ̀ wá fojú ara rẹ̀ wò ó. Ohun tó bá rí ni ìjọba máa ran èèyàn lọ́wọ́ lé lórí. Ìnṣọ́ránsì ilé ti sọ fún wa ní tiwọn pé omi tó bá ti ìsàlẹ̀ wá kò sí nínú àdéhùn. Omi òkè nìkan ni wọ́n mọ̀.

Hájíà pè. Bàbá náà pè. Wọ́n fún àwọn méjèèjì ní ọjọ́ kan náà, torí ògiri wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara.

Bàbá ti kó díẹ̀ nínú ẹrù rẹ̀ tó bàjẹ́ síta, sórí koríko iwájú ilé: àga ìrọ̀gbọ̀kú, fíríísà kékeré kan, kápẹ́ẹ̀tì tó ká jọ, páálí tó ti rọ̀ bí ẹ̀kọ. Àwọn tó wúwo, ó fi wọ́n sílẹ̀ sí ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Gbogbo rẹ̀ ń rùn. Mo lọ bá a pé kí n bá a gbé e lọ sí ààtàn. Ó mi orí.

"Fi sílẹ̀. Ẹ fi tiyín náà sílẹ̀."

"Ó ń rùn, sà."

"Mo mọ̀ pé ó ń rùn. Imú mi ò tíì fẹ̀yìn tì."

Ó sọ fún mi. Mi ò ní parọ́ pé kò sọ. Mo kàn gbọ́ ọ bí a ṣe máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbàlagbà tó ń dá gbé ni: a ó ní "bẹ́ẹ̀ ni, sà", a ó sì máa bá tiwa lọ. Mo rò pé ojú ló ń tì í láti yọ mí lẹ́nu.

Lẹ́yìn ìyẹn ni òórùn náà wá lé òun fúnra rẹ̀ kúrò nílé. Ó ní òun fẹ́ lọ sùn ní Plainfield títí di àárọ̀ ọjọ́ tí ìnsípẹ́kítọ̀ máa wá. Ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́ pé kí n máa bá òun ṣí fèrèsé kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, kí n sì máa bomi rin àwọn òdòdó ìyàwó rẹ̀, tó wà nínú ìkòkò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kíṣìnnì. Ó fi ìka tọ́ka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò tọ́ka sí nǹkan míì.

Nílé tiwa, Hájíà pè mí jókòó.

"Ìjọba ń bọ̀ nílé wa," ó ní. "Wọn ò sì ní bá wa nínú ẹ̀gbin."

"Hájíà, ṣé kì í ṣe ẹ̀gbin yẹn náà ni wọ́n ń bọ̀ wá wò?"

"Èèyàn tí nǹkan ṣe ni wọ́n ń bọ̀ wá wò. Èèyàn tí nǹkan ṣe kì í ṣe ọ̀bùn. Ṣé o fẹ́ kí ó padà sí ọ́fíìsì lọ máa sọ pé àwọn ará Nàìjíríà yẹn, inú ìdọ̀tí ló ti bá wọn?"

Mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí àlejò máa bọ̀ kí onílé má gbálẹ̀, irú ẹ̀ ò sí nínú ẹ̀kọ́ ilé tí wọ́n fún èmi. Mo tún wá wo iṣẹ́ tí Hájíà ń ṣe, mo ní ta ni èmi tí màá máa kọ́ ọ bí a ṣe ń fọ ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀.

Ọkùnrin kan níbi iṣẹ́ mi ní píkọ́ọ̀pù. Mo yá ọkọ̀ náà, mo sì yá òun fúnra rẹ̀ mọ́ ọn. A kó bẹ́ẹ̀dì mi, a kó aṣọ mi, a kó àpótí Hájíà, a kó gbogbo rẹ̀ lọ sí ààtàn. A tú fọ́nẹ́ẹ̀sì tó kú náà, a gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń ra irin àlòkù. Wọ́n fún wa ní owó tí a fi jẹun ọ̀sán, a sì dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ni Hájíà wọ bọ́ọ̀tù òjò, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó sọ̀kalẹ̀. Èmi ń fọ̀, òun ń tọ́ka. Tí mo bá ní mo ti ṣe tán, á fi ìka kan pa ilẹ̀, á wò ó, á ní, "Tún un fọ̀, aláìsàn ṣì wà níbẹ̀." Ní ọjọ́ kejì a kun ògiri ní funfun. Hájíà gbé kápẹ́ẹ̀tì kan láti òkè wá tẹ́ síbẹ̀. Ó fín tùràrí. Ibẹ̀ dára ju bó ṣe wà kí omi tó wọ̀ ọ́ lọ. Mo wò ó, mo ní àṣé yàrá tó dára báyìí ni mo ti ń sùn.

Hájíà gòkè, ó dúró lójú fèrèsé, ó ń wo iwájú ilé bàbá.

"Ká ti wá fọ tiwa tó báyìí," ó ní, "òkìtì yẹn ni ẹni tí ìjọba rán wá á kọ́kọ́ rí."

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò ní kí n kó o. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí dáadáa, torí àwọn kan nínú ẹbí wa ti ń sọ ọ́ bíi pé òun ló rán mi. Èmi ni mo dá a rò débẹ̀. Àgbàlagbà ni bàbá. Ó ń dá gbé. Níbi tí mo ti wá, ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá ń wo àgbà tó ń bá ẹrù jà, wọ́n á béèrè ilé tí wọ́n ti bí i. Kọ́kọ́rọ́ wà lápò mi. Ọkọ̀ ṣì wà níta, ẹni tó ni ọkọ̀ ṣì wà nínú rẹ̀. A kó ti iwájú ilé, a wọ ìsàlẹ̀, a kó tibẹ̀ náà, a tú fọ́nẹ́ẹ̀sì rẹ̀. Mo fi bílíìṣì fọ ilẹ̀ ibẹ̀ títí mo fi ń rí ojú ara mi nínú rẹ̀. Mo ní tí bàbá bá dé, á yà á lẹ́nu.

Ó yà á lẹ́nu.

Obìnrin ni ìnsípẹ́kítọ̀ náà. Ó wọ bàtà iṣẹ́, ó gbé kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ kan lọ́wọ́, oòrùn ti pa ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní láti gúúsù ni òun ti ń bọ̀, níbi tí ìjì náà ti kọ́kọ́ balẹ̀. Hájíà wọ ìró àti bùbá tó máa ń wọ̀ lọ yídì. Mọ́ínmọ́ín ti wà lórí tábìlì.

"Mi ò lè jẹ nǹkan kan, mà. Òfin iṣẹ́ wa ni."

"Òfin yẹn ò mọ̀ pé o ti ọ̀nà jíjìn wá."

"Ẹ ṣeun, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú mi lọ síbi tó bàjẹ́."

A mú un sọ̀kalẹ̀. Ó dúró lórí àtẹ̀gùn tó gbẹ̀yìn. Ó wo kápẹ́ẹ̀tì. Ó wo ògiri. Ó fa tùràrí símú. Lẹ́yìn náà ó wo ìwé tó wà lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀, bíi pé ó fẹ́ mọ̀ bóyá nọ́ńbà ilé ni òun ṣì.

"Bésímẹ́ǹtì tí omi wọ̀ dà?"

"Òun nìyí," Hájíà ní. Inú rẹ̀ ń dùn.

"Omi náà ga tó ibo?"

Mo gbé ọwọ́ sí àyà mi. "Ó tó ibí."

"Mi ò rí àmì kankan lára ògiri."

"A ti kùn ún, mà."

"Fọ́nẹ́ẹ̀sì ńkọ́?"

"Mo ti gbé e lọ."

"Síbo?"

"Ibi tí wọ́n ti ń fún irin pọ̀."

Ó mí sínú. "Ṣé ẹ ya fótò rẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé e?"

Hájíà ló dáhùn. "Fótò ẹ̀gbin? Ta la fẹ́ fi hàn?"

"Èmi," obìnrin náà ní.

Kò pariwo mọ́ wa. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn náà, ó sì sọ fún wa pé níbi tí òun ti ń bọ̀, ìjì gbé òrùlé ọkùnrin kan sọ sójú títì. Ọkùnrin náà gbé àga wá, ó jókòó ti òrùlé rẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ní kó jẹ́ kí àwọn gbé e kúrò lọ́nà, ó ní ẹni tó bá fọwọ́ kàn án á rí òun. Ó jókòó tì í títí òun ìnsípẹ́kítọ̀ fi dé, òun sì rí i, òun kọ ọ́ sílẹ̀.

"Áà, pẹ̀lẹ́ o," Hájíà ní. "Ṣé ó ti wá rí òrùlé míì?"

"Wọ́n ti fọwọ́ sí i fún un, mà."

"Alihamudulilahi."

Inú Hájíà dùn sí ọkùnrin náà tọkàntọkàn. Kò tíì yé e pé ọ̀rọ̀ náà kàn wá. Ó ti yé èmi. Mo rántí ìgbà kan nílé ẹ̀kọ́ wa ní Ọ̀fà tí wọ́n ní ọ̀gá kan láti ìjọba ń bọ̀ wá wo ohun tí a nílò. A gbá ilẹ̀, a kun ògiri, a kó gbogbo àga tó ṣẹ́ pamọ́ sẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ọ̀gá náà dé, ó yí ká, ó ní inú òun dùn pé ilé ẹ̀kọ́ yìí ò nílò nǹkan kan. A pàtẹ́wọ́ fún un. Ọdún yẹn, orí bíríkì ni mo jókòó sí kàwé.

Ibi tí mo ti ń rántí bíríkì yẹn ni mo ti rántí bésímẹ́ǹtì kejì.

Nígbà tí a jáde síta, bàbá ti dé. Ọmọ rẹ̀ gbé e wá, òun ṣì jókòó sínú ọkọ̀. Bàbá wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó lọ̀ dáadáa, ó dúró sórí koríko iwájú ilé rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Koríko ti kú sí ibi tí fíríísà wà. Ó fi àwòrán fíríísà sílẹ̀, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

"Ta ló jí ẹrù mi?"

"Kò sẹ́ni tó jí i, sà," mo ní. "Èmi ni mo bá yín tún ibẹ̀ ṣe."

"Ibo?"

"Gbogbo ẹ̀, sà. Títí dé ìsàlẹ̀."

"Fọ́nẹ́ẹ̀sì mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Bàbá yíjú sí ìnsípẹ́kítọ̀. "Mà, ṣé ẹ lè kọ koríko sílẹ̀?"

Obìnrin náà ya fótò koríko. Mo rò pé àánú ló fi yà á. Wọ́n jọ wọlé lọ. Wọn ò pẹ́ níbẹ̀. Kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ wò. Nígbà tí bàbá jáde, ó wá dúró níwájú mi.

"Mo fún ọ ní kọ́kọ́rọ́ kí o bomi rin òdòdó."

"Mo bomi rin ín, sà."

Òótọ́ ni, mo bomi rin ín. Mo sì mọ̀ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jáde lẹ́nu mi pé kò sí ibi tó ń lọ. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí koríko, mo da àyà délẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ mi láti kékeré. Ìnsípẹ́kítọ̀ kígbe pé mo ti dákú. Ọmọ bàbá já jáde nínú ọkọ̀, ó ti ń tẹ fóònù láti pe áńbúláǹsì. Hájíà ń pariwo látorí àtẹ̀gùn ilé wa pé, "Kò ṣe é ní nǹkan o! Ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀! Ẹ̀bẹ̀ ni!" Kò sì sẹ́ni tó gbọ́ Yorùbá níbẹ̀ àfi èmi tí mo wà nílẹ̀.

Bàbá nìkan ni kò mira. Ó wò mí títí.

"Dìde, ọmọ," ó ní. "Koríko yẹn ti mọ́ tó."

Èsì dé sórí fóònù Hájíà kó tó pẹ́. Wọ́n ní kò sí ìbàjẹ́ tí ó hàn sí ìnsípẹ́kítọ̀. Ti bàbá náà, bákan náà ni wọ́n kọ ọ́. Hájíà kà á, ó tún un kà. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ó hàn pé a fọ̀ ọ́ dáadáa," ó ní. Lẹ́yìn náà ó wọ yàrá, kò sì jáde wá jẹun.

Wọ́n ní a lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tí a bá ní ẹ̀rí. A ò ní ẹ̀rí. Àwa la sọ ọ́ nù. Ọjọ́ kan ni ọ̀kan nínú àwọn àbúrò Hájíà pè láti Ọ̀fà láti béèrè bí a ṣe ń ṣe sí. Hájíà rojọ́ fún un.

"Ṣé fótò bésímẹ́ǹtì yẹn lẹ ń wá?" àbúrò rẹ̀ ní. "Fídíò tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi lórí Wásáàpù ńkọ́, èyí tí ẹ ti ń ké pé 'yéè, mo gbé'?"

"Ṣé ó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ?"

"Lọ́wọ́ mi nìkan? Mo ti fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí!"

Hájíà ti gbàgbé pé òun ya fídíò náà. Kì í ṣe ìjọba ló yà á fún. Ó yà á kí àbúrò rẹ̀ lè bá a sunkún. Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀: omi, fọ́nẹ́ẹ̀sì tó rì dé ọrùn, sálúbàtà mi tó ń ṣeré káàkiri. Láti ìgbà tí mo ti dé ayé, ìgbà yẹn ni òfófó ẹbí wa kọ́kọ́ ṣe wá lóore. A fi fídíò náà ránṣẹ́, ìjọba gbà á, wọ́n sì fọwọ́ sí i fún Hájíà. Kí yìnyín àkọ́kọ́ tó bọ́, fọ́nẹ́ẹ̀sì tuntun ti ń fẹ́ nílé wa.

Bàbá ò ní àbúrò ní Ọ̀fà. Kò ya fídíò, torí nǹkan náà fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, kí ló fẹ́ fi àwòrán rẹ̀ ṣe? Mo padà lọ síbi irin àlòkù. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ na ọwọ́ sí òkè irin kan tó ga ju ilé lọ, ó ní, "Tọ́ka sí tìrẹ." Mo lọ láti ilé dé ilé ní àdúgbò, mò ń béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ya fótò tí òkìtì bàbá wà nínú rẹ̀. Obìnrin kan ní òun ì bá yà á, ó kàn ń rùn jù.

Mo wá tẹ̀ lé bàbá lọ síbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ìrànwọ́ ìjọba náà ń jókòó sí, pé èmi fúnra mi máa jẹ́rìí. Ọmọbìnrin kan tí kò jù mí lọ ló gbọ́ ẹjọ́ wa.

"Ṣé mọ̀lẹ́bí rẹ ni wọ́n?"

"Rárá."

"Ṣé iṣẹ́ fọ́nẹ́ẹ̀sì lo ń ṣe?"

"Rárá."

"Kí lo mọ̀ nípa fọ́nẹ́ẹ̀sì náà gan-an?"

Mo ronú. "Ó wúwo."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní, "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọ náà kì í parọ́." Ọmọbìnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀ lóòótọ́. Èsì tó padà wá ni pé ẹ̀rí náà ò tó, pé tí bàbá bá ní òmíràn, kó mú un wá. Òmíràn rẹ̀ wà nínú òkè irin.

Òtútù dé. Ọmọ bàbá wá láti Plainfield bó ṣe sọ. Kó tó dé, Hájíà ti lọ bá bàbá lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kó wá máa sun yàrá òkè wa títí òtútù á fi kásẹ̀ ńlẹ̀, ilé wa ti gbóná. Bàbá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ilé yín ti mọ́ jù fún mi, mà." Hájíà rẹ́rìn-ín, ó sì padà sílé. Mo gbọ́ omi tó ń ṣàn nínú kíṣìnnì wa fún ìgbà pípẹ́, bẹ́ẹ̀ kò sí àwo kankan tó dọ̀tí.

Èmi ni mo bá bàbá kó ẹrù rẹ̀ sínú ọkọ̀. Ó ń tọ́ka, mò ń gbé. Mi ò gbé ohun tí kò tọ́ka sí. Nígbà tí a ṣe tán, mo fi ọwọ́ méjèèjì na kọ́kọ́rọ́ sí i. Kò gbà á.

"Ta ló máa bomi rin òdòdó?"

"Òtútù á pa wọ́n síbẹ̀, sà."

"Nígbà náà, gbé wọn lọ sí ilé tó gbóná."

Ó wọ ọkọ̀. Ọmọ rẹ̀ bá a de bẹ́líìtì, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ọmọdé, ó sì jẹ́ kó ṣe é.

Àwọn òdòdó náà wà lọ́dọ̀ mi nísinsìnyí, nínú bésímẹ́ǹtì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi tuntun, níbi tí fọ́nẹ́ẹ̀sì ti ń fẹ́ sí wọn. Ara wọn le. Ọkùnrin tó wá de fọ́nẹ́ẹ̀sì wa ti sọ fún mi pé tí mo bá rí òmíràn rà, òun á bá mi dè é sílé bàbá ní ọjọ́ ìsinmi òun. Mi ò tíì rí i rà. Ní ọjọ́ tí mi ò bá lọ síbi iṣẹ́, mo máa ń wakọ̀ lọ sí Plainfield lọ kí bàbá. Ilé náà dára, ó tóbi, kò sẹ́ni tó ń kọjá níwájú rẹ̀. Ẹ̀yìn fèrèsé ló máa ń jókòó sí. Mo máa ń tẹrí ba díẹ̀ kí i, mi ò dọ̀bálẹ̀ mọ́, kí wọ́n má baà pe áńbúláǹsì. Kò sì tíì sí ìgbà kan tí mo lọ tí kò bi mí.

"Ṣé ilé mi ṣì mọ́?"

"Ó mọ́, sà."

"Mo rò bẹ́ẹ̀."

Hájíà ní ẹni tó bá ṣì ń bá èèyàn ṣàwàdà ti dárí jì í. Ó ṣeé ṣe. Bàbá ò tíì sọ ọ́, èmi náà ò sì tíì béèrè. Gbèsè ilé gbígbóná kan ni mo jẹ ẹ́, ní Hazel Crest, tó ní koríko níwájú, níbi tó ti lè gbé àga síta jókòó, kí ẹnikẹ́ni má béèrè bóyá ó sọnù. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi.